Wọ́n fẹ́ wó afárá odò wa kọ́ tuntun. Báwo la ṣe máa ṣe é tí omi ò fi ní bàjẹ́?

Ọmọ Ìgbómìnà (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Abúlé wa ò jìnnà sí Òmù-Àrán. Afárá kékeré kan wà lórí odò wa, irin àti pákó ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti pẹ́ tó ti ń mì bí eyín arúgbó. Ọkọ̀ akóṣu ti já sódò níbẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn agbaṣẹ́ṣe gbé katapílà dé, wọ́n ní àwọn máa wó o, àwọn á sì fi kọnkéré kọ́ òmíràn. Ẹni tínú ẹ̀ ò dùn sí i ò sí lábúlé.

Ìṣòro mi nìyí. Ibi tí àwọn ìyá wa ti ń pọnmi wà nísàlẹ̀ odò, béèyàn bá dúró lórí afárá tó ju òkúta, ó lè bà á níbẹ̀. Kànga méjì tá a ní, tó bá ti di oṣù kejì ọdún, ẹrẹ̀ ló máa ń kù nínú wọn. Kànga ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ fún wa, ẹ̀rọ ẹ̀ ti kú láti bí ọdún méjì. Odò yìí là ń mu, òun là ń fi fọṣọ, òun là ń fi rẹ ẹ̀gẹ́. Mo rí irú iṣẹ́ yìí lábúlé àwọn àna mi: omi pupa bí epo fún odindi oṣù mẹ́ta, ẹja ń léfòó. Mi ò fẹ́ dá iṣẹ́ dúró o, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ wá di ọlọ́tẹ̀. Alàmísì yìí la fẹ́ lọ bá ẹnjinníà wọn sọ̀rọ̀, èmi, Baálẹ̀ àti ìyálọ́jà. Kí ni ká béèrè?

Fọ́ọ̀mánù Àgbà

Àbúrò, o káre tó o béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí omi rú tán, ẹjọ́ ló kù tó máa rò. Mo ṣe fọ́ọ̀mánù lórí afárá àti kọ́fáàtì (ihò kọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà) fún ohun tó lé lógún ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀fà. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn èèyàn rò pé afárá ló ń ba omi jẹ́. Rárá. Etí odò ni. Katapílà máa ha igbó kúrò lọ́tùn-ún lósì, á gé ọ̀nà wálẹ̀ dé ojú omi kí típà lè rí àyè yípo, ilẹ̀ pupa wa á wá wà níhòòhò. Òjò kan ṣoṣo, bóyá ti oṣù kẹta tẹ́nikẹ́ni ò retí, á gbé gbogbo ẹ̀ wọ odò. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bá ẹnjinníà sọ ni pé kó ri èèkàn mọ́lẹ̀ síbi tí katapílà máa dé, kó má sì kọjá èèkàn yẹn. Igi àti koríko etídò tí ò bá dí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò wọn ló di ilẹ̀ mú. Kò sí àpò yanrìn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn tó wọn.

Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá wú ńkọ́, ibo ni wọ́n ń kó o sí? Mo ti rí ẹnjinníà tó mọ̀wé dáadáa tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè sétí omi gan-an, torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ tòsí. Kí wọ́n gbé e lọ sókè níbi tó tẹ́jú, kí wọ́n sì fi tapólì bò ó tójú ọ̀run bá ṣú. Nísàlẹ̀ òkìtì náà, àti níbi gbogbo tí àgbàrá ti máa ṣàn wálẹ̀, aṣọ kan wà tí wọ́n máa ń ta mọ́ èèkàn láti sẹ́ ẹrẹ̀. Bí wọn ò bá ní i, àpò ìrẹsì tí wọ́n tú tí wọ́n sì rán pọ̀ sàn ju kí wọ́n má ta nǹkan kan lọ. Ìdí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ki ìdí aṣọ náà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá kàn so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, abẹ́ ẹ̀ ni omi máa gbà kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta á dábùú odò o! Orí ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọnú odò, omi á tì í ṣubú, ẹrẹ̀ tó ti kó jọ á sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti ìpìlẹ̀ inú omi ló gùn jù. Fóònù mi ti fẹ́ kú, kò sì síná. Mò ń bọ̀.

Ọmọ Ìjàkadì

Bàbá, ẹ tètè rí iná o, a ń dúró. Kí ẹ tó dé: tí wọ́n bá ní owó aṣọ asẹ́rẹ̀ ò sí nínú àdéhùn iṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí wọ́n sọ fún wa ládùúgbò wa nìyẹn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ bá katapílà wọ̀yá ìjà.

Tíṣà Kẹ́mísìrì

Ẹ jẹ́ kí n fi ti símẹ́ńtì kún un, torí òun lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù. Ẹrẹ̀ hàn sójú. Omi tí símẹ́ńtì ti kàn lè mọ́ tó èyí tẹ́ ẹ máa bù mu.

Ìwọ̀n kan wà tá à ń pè ní pH, láti 0 dé 14. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 máa ń kan, èyí tó bá wà lókè ẹ̀ dà bí omi eérú. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà fọwọ́ sí 6.5 sí 8.5. Omi tí wọ́n fi fọ mísà kọnkéré máa ń wà ní 12 sí 13. Ẹ má rò pé ó fi márùn-ún péré ju omi lọ o. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po mẹ́wàá ni, tó fi jẹ́ pé láti 7 dé 12, ìlọ́po 100,000 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìyá yín ro omi eérú fún ọṣẹ dúdú rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń jẹ ìka. Ẹ wá fojú inú wo ẹja tó jẹ́ pé omi yẹn ló ń mí.

Mísà ńlá kọ́ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn lébírà ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kó ṣọ́bìrì, páànù àti bàtà wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ fọ̀ lódò, wọ́n á sì tibẹ̀ wẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe gbé dúrọ́ọ̀mù méjì sí sáìtì fún fífọ irinṣẹ́. Tí yẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀ bá ti rọlẹ̀, omi òkè ẹ̀ ṣeé fi po kọnkéré ọjọ́ kejì, wọn ò tiẹ̀ ní pàdánù nǹkan kan. Ti mísà, kí wọ́n gbẹ́ kòtò sókè tó jìnnà sódò, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí i, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ sí. Tó bá gbẹ tó sì le, wọ́n á wú u bí òkúta kó lọ. Kí wọ́n sì dí ojú gbogbo pákó tí wọ́n fi ń mọ kọnkéré kí wọ́n tó dà á, kí omi odò má kàn án títí á fi le.

Bébà tí wọ́n fi ń wo pH ò wọ́n. Tíṣà sáyẹ́ǹsì iléèwé tó bá sún mọ́ yín lè fún yín ní díẹ̀. Ẹ ki í bọ omi lókè afárá, ẹ tún ki òmíràn bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Tí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀, ẹ má mu tìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Èmi ò mọ pí-éèṣì o. Etí Asà ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ nílùú Ìlọrin níbí: tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lowó wa. Lọ́dún kan, wọ́n ń tún kọ́fáàtì kan ṣe lókè wa, wọ́n wá gbé pọ́ǹpù tó ń lo dísù sétí omi. Ọmọkùnrin tó ń bu dísù sí i, láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló ti ń dà á, ìdajì sínú ẹ̀rọ, ìdajì sílẹ̀. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo rí àwọ̀ bí òṣùmàrè lójú omi. Mo ní bóyá oòrùn ni. Mo bu omi wọ́n ẹ̀fọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé tẹ̀tẹ̀ mi ti ń pọ́n létí. Èyí tí mo rí kó lọ sọ́jà, oníbàárà mi gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé ilé mẹ́káníìkì lẹ ti já a ni?" Ta ni mo fẹ́ mú? Pọ́ǹpù ti lọ sí sáìtì mìíràn.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé pọ́ǹpù sínú páànù fífẹ̀ tó lè gba ohun tó bá dà sílẹ̀. Kí wọ́n máa bu epo sí katapílà lókè lọ́hùn-ún. Kí ọmọ yín kan sì máa bá wọn ṣọ́ ọ, ọmọ tí kì í tijú.

Tíṣà Kẹ́mísìrì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Wọ́n sábà máa ń ní kó tó mítà 30 sí omi kí wọ́n tó bu epo sọ́kọ̀. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, torí kì í ṣe gbogbo òṣùmàrè lójú omi ni dísù: ẹ fi igi tọ́ ọ. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì tí ò sì pa dà so pọ̀, láti ara ilẹ̀ tó ní irin ló ti wá, kò sọ́rọ̀ epo níbẹ̀. Bó bá yí po tó tún pa dà so pọ̀, epo ni.

Fọ́ọ̀mánù Àgbà (ọjọ́ Ajé)

Iná dé. Ẹ jẹ́ ká wọnú omi wàyí.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ dá lé: omi tó ń ṣàn àti ibi tí wọ́n ń gbẹ́ ò gbọ́dọ̀ fojú kanra. Bí odò bá fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi àpò yanrìn sé ìdajì, omi á máa gba ìdajì kejì lọ. Tí wọ́n bá parí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sún bọ́ sí èkejì. Bó bá kéré bíi tiyín, wọ́n lè sé e lókè kí wọ́n fi páìpù ńlá gbé omi fo sáìtì kọjá, kó lọ tú sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kí wọ́n to òkúta síbi tí omi páìpù ti ń já bọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbẹ́ ilẹ̀ tuntun kalẹ̀ fún yín. Yanrìn tó mọ́ ni kí wọ́n rọ sínú àpò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti rọ ilẹ̀ pupa sínú ẹ̀. Àpò ya, ohun tí wọ́n ń sá fún ló wá dà sómi.

Omi á ṣì máa sun wọnú kòtò ìpìlẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fà á jáde. Ibí yìí nìwà pálapàla wà jù. Wọ́n á kọjú páìpù pọ́ǹpù sódò tààrà, ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ á dà bíi tíì oníwàrà. Ẹ má gbà. Kí wọ́n tú u sínú kòtò mìíràn lókè, tàbí sínú koríko tó kún dáadáa tó jìnnà sómi kí ilẹ̀ lè fà á mu. Ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń fa omi, kí wọ́n gbé e sínú garawa tí wọ́n dá lu, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká, kó má baà máa fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹnjinníà kan kọ́ mi lọ́jọ́un rèé, mi ò gbàgbé ẹ̀. Nínú omi tó jìn ní mítà kan, yanrìn wẹ́wẹ́ á rọlẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú méjì. Amọ̀ tó kúnná jù lọ lè lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó kan ìsàlẹ̀. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá fi kòtò tó fẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀ hàn yín, tó sì ní "ó ti rọlẹ̀ láti wákàtí kan", yanrìn ló rọlẹ̀. Amọ̀ tó ń sọ omi di pupa ṣì wà níbẹ̀. Kòtò náà gbọ́dọ̀ tóbi kí omi lè pẹ́ nínú ẹ̀, apá kan ni kí omi gbà wọlé, kó gba ìkángun kejì jáde.

Ọmọ Ìjàkadì, ìwé kan wà tí wọ́n kọ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, bílì làwa ń pè é ní sáìtì. Ìlà kan sábà máa ń wà níbẹ̀ fún fífa omi àti ìtọ́jú àyíká. Ẹ fọgbọ́n ní kí wọ́n ka ìlà yẹn sí yín létí. Ẹni tó ní kò sówó máa ń yí ohùn pa dà tó bá rí i pé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bílì.

Àsìkò tó dáa jù ni oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí òjò ti lọ. Tó bá fi lè wọ oṣù karùn-ún kí wọ́n tó jáde nínú omi, ìyà ni.

Apẹja Ọ̀yún

Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Fọ́ọ̀mánù lórí òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará sáìtì máa ń gbàgbé nǹkan kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni odò kéré jù. Garawa omi símẹ́ńtì kan tí wọ́n bá dà sódò nínú oṣù kẹsàn-án, àgbàrá á fọ́n ọn ká, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Dà á síbẹ̀ nínú oṣù kejì, nígbà tí omi ò ṣàn dáadáa mọ́, tí gbogbo ẹja ti sá pamọ́ sínú ibú kan ṣoṣo, kí o wo ohun tó máa léfòó. Ìgbà yẹn náà sì ni kànga ń gbẹ tí gbogbo èèyàn ń wọ́ lọ sódò. Ẹ̀ẹ̀rùn dáa tó bá jẹ́ ti ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ ti dísù àti símẹ́ńtì, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ lajú jù.

Tó bá sì jẹ́ kọ́fáàtì ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò afárá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Tó bá ga ju ilẹ̀ odò lọ, omi á máa já bọ́ láti ẹnu ẹ̀, ẹja ò ní lè gòkè lọ yé ẹyin nígbà òjò. Kí wọ́n rì í wọlẹ̀ díẹ̀ kí yanrìn odò lè tẹ́ inú ẹ̀. Omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Ìfẹ́lódùn ti tó wa wò ní Kwara, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe kékeré sábúlé yín.

Fọ́ọ̀mánù Àgbà

Apẹja, òótọ́ lo sọ, mo gbà fún ọ. Nígbà tiwa, ẹrẹ̀ nìkan làwọn ọ̀gá máa ń bi wá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ò tíì sọ ohun táwọn èèyàn máa mu ní gbogbo àsìkò yẹn.

Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ nìkan ló dà sómi, álọ́ọ̀mù á mú un rọlẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n lò nílé. Àmọ́ álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò. Ẹ rọra da omi tó mọ́ lójú ẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ sè é tàbí kí ẹ fi oògùn apakòkòrò inú omi sí i. Ẹ má fi oògùn yẹn sínú omi tó rú o, ẹrẹ̀ á jẹ agbára ẹ̀ tán kó tó kan kòkòrò. Ìlànà Nàìjíríà ò fẹ́ kí rírú omi mímu ju 5 lọ lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NTU. Omi tó bá pupa lójú ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹnì kankan ò sì gbọ́dọ̀ da álọ́ọ̀mù sódò fúnra ẹ̀ o, inú garawa nílé ni. Ó lè pa ẹja.

Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ wá rèé. Àwọn àgbà ṣì rántí aṣọ tí wọ́n pín kiri ká máa fi sẹ́ omi nígbà sòbìà. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, aṣọ yẹn sì wà lára ohun tó ṣe é. Èrò àwọn ìyá wa kan ni pé gbogbo ohun tó bá wà lómi ni aṣọ lè sẹ́. Kòkòrò tó ń gbé sòbìà tóbi tó láti há sójú aṣọ. Omi símẹ́ńtì àti dísù á gbà á kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá sè é, dísù á ṣì wà níbẹ̀. Símẹ́ńtì náà á ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní omi mìíràn láwọn ọjọ́ tí wọ́n bá wà nínú odò. Ọmọ Ìgbómìnà, ẹ ní ẹ̀rọ kànga yín ti kú láti ọdún méjì. Dípò kí ẹ máa bẹ agbaṣẹ́ṣe fún táńkà omi lójoojúmọ́, ẹ ò ṣe ní kó tún ẹ̀rọ yẹn ṣe? Owó táńkà oṣù méjì lè má kéré sí ti àtúnṣe, ẹ̀rọ sì máa wà lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ tó bá jẹ́ èmi.

Ọmọ Ìjàkadì

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti gbá góòlù wọlé 😂

Lọ́yà Àdúgbò

Ní kúkúrú. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ọ̀nà náà: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀, tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀sùn yín máa lọ, ẹ máa ṣòfò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí kò ni ín. Òfin àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ máa ní lórí àyíká ti wà láti 1992. Afárá kékeré lè má nílò àyẹ̀wò kíkún, ṣùgbọ́n ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ètò ìtọ́jú àyíká wà fún iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì fi hàn yín. Àjọ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, tí òfin 2007 dá sílẹ̀, ní ìlànà lórí omi odò àti lórí iṣẹ́ ìkọ́lé, ọdún 2011 ni méjèèjì jáde. Tó bá jẹ́ owó Báńkì Àgbáyé ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ọ̀nà ìfisùn gbọ́dọ̀ wà fún ará ìlú, ẹ wo pátákó sáìtì bóyá nọ́ńbà wà níbẹ̀.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé abala 20 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ orí kejì ìwé òfin ló wà, apá tí ilé ẹjọ́ kì í gbẹ́jọ́ lé lórí, ẹ ò lè fi òun nìkan fà wọ́n lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má fi halẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Alfa Òkèlélé

Sàláàmù aléékùmù. Ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ò dùn? Ọjọ́ tí omi bá bàjẹ́, ohun tí agbaṣẹ́ṣe máa kọ́kọ́ sọ ni pé omi ẹ̀gẹ́ yín ló bà á jẹ́, tàbí pé àwọn ọmọ yín fi gàmàlín pa ẹja. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ẹ yáa sún ibi ìrẹgẹ́ kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kí ẹ sì ní ẹ̀rí. Láti òní lọ, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa bu omi sínú ìgò oníke méjì láràárọ̀, ní wákàtí kan náà, ọ̀kan lókè afárá, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ gbé méjèèjì síwájú bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí, kí ẹ ya fọ́tò. Tí lẹ́tà bá hàn nínú tòkè tí ò sì hàn nínú tìsàlẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Tí méjèèjì bá rú bákan náà, ẹ má dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́bi, òkè ló ti wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọnú odò, kí ẹnjinníà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n fi gbohùngbohùn mọ́sáláṣí kéde lẹ́yìn ìṣáà, káwọn ìyá lè pọn omi ọjọ́ méjì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí agogo tiwọn náà dún.

Ọmọ Ìgbómìnà (ọjọ́ Jímọ̀)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A lọ lánàá. Ẹnjinníà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ń gbọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá wà lórí ẹ̀. Ó gbà láti ri èèkàn, láti gbẹ́ kòtò fún mísà, láti gbé dúrọ́ọ̀mù fún lébírà, láti fi pọ́ǹpù sínú páànù. Nígbà tí mo béèrè ìlà ìtọ́jú àyíká nínú bílì, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ mi. Bàbá Fọ́ọ̀mánù, mi ò dárúkọ yín.

Ó kọ̀ láti gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ sókè, ó ní oko ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Baálẹ̀ ní òun á bá olóko sọ̀rọ̀. Ti kànga ẹlẹ́rọ, ó ní òun á mú ẹni tó ń tún un ṣe wá wò ó, kò ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyálọ́jà ò jẹ́ kó lọ títí ó fi pe ẹni náà lórí fóònù lójú wa.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní àwọn máa fi gáàsì gé irin afárá àtijọ́, kó já sódò, kí katapílà wá fà á jáde. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ ọ̀dà ojú ẹ̀. Àwọn èèyàn sì ti ń pín pákó ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ báyìí. Ṣé kò séwu?

Fọ́ọ̀mánù Àgbà

Ewu wà. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń bo irin láyé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, òjé sì burú fún ọmọdé. Kí wọ́n má ha á, kí wọ́n má sì jẹ́ kó já sómi. Kí wọ́n fi okùn irin so ọ̀pá náà mọ́ katapílà kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n gbé e lódindi lọ sórí ilẹ̀. Kí wọ́n kan pákó sábẹ́ ibi tí wọ́n ń gé, kí wọ́n sì tẹ́ páànù irin lé e láti gba gbogbo ohun tó bá já. Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ ṣa irin wẹ́wẹ́. Pákó tó bá dúdú tó sì ń rùn, wọ́n ti fi oògùn ikán rẹ ẹ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ti gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi dáná oúnjẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n bá parí, kí wọ́n má fi katapílà ya àpò yanrìn lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, kí omi rọra wọlé títí á fi dọ́gba, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fọwọ́ gbé àpò jáde níkọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ka àpò tó wọlé, kí wọ́n ka èyí tó jáde. Koríko bàhámà ni kí wọ́n gbìn sí etí odò tí wọ́n ti ha, kí wọ́n sì fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ títí yóò fi hù. Kó ti wà nílẹ̀ kí òjò oṣù kẹrin tó dé, torí àwọn lébírà á ti lọ nígbà yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kù pẹ̀lú ilẹ̀ náà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹni tó ń tún kànga ṣe ńkọ́, ó ti wá?

Ọmọ Ìgbómìnà (ọjọ́ Ajé)

Ó wá láàárọ̀ yìí. Ó ní páìpù kan ló ya àti wáyà, ẹ̀rọ gan-an ò bàjẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ní òun á san ti páìpù, ká lọ wá ti wáyà. A ti ń dáwó. Olóko náà ti gbà kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wú iṣu òun ná.

Ọmọ mi bu ìgò méjì lówùúrọ̀. Tòkè mọ́, tìsàlẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ti kọ ọjọ́ sí wọn lára.